Irú fáìlì tó yẹ fún àwo orin CD tí a ń kó sínú kọ̀ǹpútà

Ní Ṣábẹ̀ níbí, àwo CD orin ilẹ̀ wa tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń gbó. Ooru àti eruku ọyẹ́ ń bà wọ́n jẹ́, kọ̀ǹpútà tuntun púpọ̀ kò sì ní ihò tí a ń ti CD bọ̀ mọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó orin, ó yẹ kí a mọ irú fáìlì tí a máa lò, torí ohun tí fáìlì bá gé dànù, kò ní í padà.

Àwo CD, tó dé ọjà ní 1982, ń tọ́jú ohùn ní ìwọ̀n 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì 16, ọ̀nà méjì. WAV ń kó gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà: wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 635. FLAC, tó jáde ní 2001, ń di ohùn kan náà pọ̀ títí yóò fi gba nǹkan bí ìdajì àyè yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá tú u, kò sí ohun tó sọnù. Ọ̀fẹ́ ni.

MP3, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ń gé ohun tí etí kì í tètè gbọ́ kúrò. Fún gbígbọ́ lórí fóònù, ó tó. Fún ìwádìí, kò tó: níbi tí bàtá tàbí agogo bá ti dún gan-an lójijì, MP3 kékeré máa ń da ìbẹ̀rẹ̀ ohùn náà rú. Ẹni tó ń wá ohun tí ìlù ń sọ kò lè fara mọ́ ìyẹn.

FLAC ni àwa yàn fún ìpamọ́. Àwọn ilé ìkóhùnsí ńlá fẹ́ràn WAV, a mọ̀, ṣùgbọ́n WAV kò dára fún kíkọ orúkọ orin àti olórin sínú fáìlì. FLAC ń gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn láìsí wàhálà. Àmì orúkọ MP3 àtijọ́ kò mọ̀ wọ́n, lẹ́tà 30 péré ló sì ń gbà fún àkọlé. Ẹ kọ Ṣábẹ̀, Savè àti Tchabè pọ̀ síbẹ̀, torí olùwádìí kan kì í mọ bí èkejì ṣe ń kọ ọ́. FLAC tún ní àmì àyẹ̀wò MD5 nínú, èyí tí a fi ń mọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ bóyá ohùn inú fáìlì ti bàjẹ́.

Àwo inú ọjà ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ MP3 tí wọ́n kàn kó sórí àwo. Ẹ má sọ wọ́n di FLAC: fáìlì á tóbi, ohùn ò ní í dára sí i. Ẹ kó MP3 náà bó ṣe wà.

Ẹ má gbàgbé ìwé inú àpótí àwo. Àwo Yoruba Drums from Benin, West Africa, tí Smithsonian Folkways gbé jáde ní 1996, ní àlàyé tó wúlò bí orin náà fúnra rẹ̀. Ẹ ya irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ fi í sí ibi kan náà pẹ̀lú fáìlì orin.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní, kí ọ̀kan wà nílé mìíràn. Kíkó orin pamọ́ kò fúnni láṣẹ láti pín in káàkiri. Ní Benin, BUBEDRA ló ń bójú tó ẹ̀tọ́ olórin.