Ìtàn Bí Ayé Ṣe Rídìí Ẹ̀jẹ̀ SS

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn bàbá wa pè ní àbíkú, tí wọ́n fi abẹ sàmì sára òkú wọn kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ tí wọ́n bá tún padà wá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹ̀jẹ̀ SS ló pa wọ́n. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yìí pẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà kó tó wọ ìwé àwọn dókítà. Òun náà sì ni àìsàn àkọ́kọ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tọpasẹ̀ rẹ̀ kọjá ẹ̀yà ara, kọjá sẹ́ẹ̀lì, títí dé inú mólékù kan ṣoṣo.

Ní ìparí ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, Walter Clement Noel, tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní Chicago, dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ikọ́ àti èémí tí kò já gaara. Dókítà Ernest Irons fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó gùn, tó sì tẹ̀ bíi dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, kọ ọ́ jáde ní 1910. Noel padà sílé, ó ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1916, lẹ́ni ọdún 32.

Ní 1927, Hahn àti Gillespie rí i pé tí ọ́síjìn bá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀. Tí ọ́síjìn bá padà, púpọ̀ nínú wọn a tún bọ̀ sípò. Hìmóglóbínì ló sì ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Nígbà tí Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní California, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní 1945, ó fura pé ara hìmóglóbínì gan-an ni ẹjọ́ wà. Harvey Itano tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló jókòó ti iṣẹ́ náà. Wọ́n fi iná mànàmáná fa hìmóglóbínì nínú omi: ti AA, ẹni tí kò ní àìsàn náà, rìn lọ́tọ̀, ti SS rìn lọ́tọ̀, ti AS, ẹni tó gba A lọ́dọ̀ òbí kan àti S lọ́dọ̀ èkejì, sì pín sí méjì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1949, ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò nílẹ̀ wa ṣì ń gba ọ̀nà yẹn mọ jẹ́nótáìpù.

Kí ló wá yàtọ̀ gan-an? Ibi tó dùn jù nínú ìtàn yìí, lójú tèmi, nìyí. Ámínò ásíìdì tí a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni pùrótéènì. Hìmóglóbínì kan ní 574 nínú okùn mẹ́rin. Ní Cambridge, ní 1956, Vernon Ingram fi trypsin, èròjà tó ń da oúnjẹ nínú ìfun wa, gé e sí wẹ́wẹ́. Ó kán an sórí bébà, ó fi iná mànàmáná fà á lọ sápá kan, ó fi omi kẹ́míkà fà á gba apá kejì, ó wá fi ninhydrin, kẹ́míkà tó ń mú àwọ̀ yọ, kùn ún. Àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ àlùkò yọ sójú bébà. Ó gbé ti AA àti ti SS síra wọn: gbogbo àmì bára mu, àfi ẹyọ kan tó ṣí kúrò nípò.

Ní 1957 ó rídìí ẹyọ kan yẹn. Valine ló jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà, lórí okùn tó ní ámínò ásíìdì 146. Glutamic acid ń gbé iná nẹ́gétíìfù, valine kò gbé nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ti SS kò fi bá ti AA rìn dọ́gba lọ́dọ̀ Pauling. Valine kì í sì í bá omi rẹ́. Bí ọ́síjìn bá ti kúrò, àwọn hìmóglóbínì a lẹ̀ mọ́ra, wọn a di ọ̀pá gbọọrọ tó ń ti sẹ́ẹ̀lì wọ́, sẹ́ẹ̀lì a há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, ìrora eegun a sì bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí irú ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ọmọ báyìí kò parẹ́? Ní 1954, Anthony Allison, tó dàgbà ní Kenya, fi hàn pé AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà líle. Ìbàdàn ni àlàyé kan ti jáde ní 1970: Lucio Luzzatto àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ rí i pé sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò ibà wọ̀ a máa tètè tẹ̀ ju èyí tí kòkòrò kò wọ̀ lọ. Ara a sì lè tètè kó irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kúrò, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú méjì tó ń tún jíìnì ṣe. Iye owó ọ̀kan nínú wọn, Casgevy, lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ó dùn mí wọra, nítorí Nàìjíríà ni àìsàn yìí ti pọ̀ jù lágbàáyé. Ṣùgbọ́n owó àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kò ga. Bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS, kódà bí ọmọ tó ṣáájú bá jẹ́ AA. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó mú ọjọ́ ìdána, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba jẹ́nótáìpù ara yín gbọ́.