Ṣé Ìdẹ Ni Iṣẹ́ Àánú? Kúdẹtì, Ogun Ìjàyè àti Ẹ̀kọ́ Ìsìn Kristi

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń kọ ìtàn ìjọ nílẹ̀ Yorùbá: pé iṣẹ́ àánú àwọn míṣọ́nárì, ilé ẹ̀kọ́ ni o, oògùn ni o, ìdẹ ẹnu ìwọ̀ lásán ni. Ìwé tí E. A. Ayandele tẹ̀ jáde ní 1966 ni wọ́n fẹ̀yìn tì, níbi tó ti sọ pé àwọn míṣọ́nárì ló la ọ̀nà fún agbára Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí Ayandele lágbára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni Ayandele ń sọ. Àwọn tó gùn lé e ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìsìn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣìnà.

Ìfura náà kì í ṣe tuntun. Ní 362, Julian, ọba Róòmù tí kò fẹ́ràn ìjọ, ti ń ráhùn pé àwọn Kristẹni ń bọ́ òtòṣì tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ ti àwọn abọ̀rìṣà.

Kí ni iṣẹ́ àánú? Ẹni tó bá ti ka Mátíù 25 mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín fífún aláìní ní nǹkan àti bíbá a pín nínú àìní rẹ̀. Ẹni tó ń fúnni lè fún un tán kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń báni pín kò ríbi lọ; ohun tó bá dé bá aláìní yóò dé bá òun náà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ nípa owó tí àwọn ìjọ Makedóníà àti Ákáyà dá fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, ó ní gbèsè ni wọ́n ń san, nítorí wọ́n ti jẹ nínú ohun ẹ̀mí àwọn ará Jerúsálẹ́mù (Róòmù 15). Nínú 2 Kọ́ríńtì 8, ó fi kún un pé ọ̀pọ̀ tẹni yìí yóò dí àìní tẹni yẹn, títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi dọ́gba. Ta ló lè fi gbèsè tó ń san ṣe ìdẹ?

Ẹ jẹ́ ká wo Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Ní 1853 ni David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nárì, tẹ̀dó síbẹ̀. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sọ́dọ̀ Anna. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, ọ̀rọ̀ ìdẹ ì bá jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó àti ẹrù kò wọlé mọ́. Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé. Páànù tí wọ́n fi bo inú àpótí àti agolo bisikíìtì àtijọ́ di ọjà, kí ẹnu àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ má bàa gbẹ. Àwọn ará àdúgbò náà ń ṣàánú wọn. Lásìkò yẹn, ta ni olùfúnni?

Ní 1865, Glover, gómìnà Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell wá mú Anna jáde. Àwọn tó ń pe iṣẹ́ náà ní ìdẹ máa ń tọ́ka sí èyí bí ẹ̀rí pé Anna ríbi lọ. Wọn kì í sọ pé Anna tún padà sí Ìbàdàn, àti pé àìlera ló lé tọkọtaya náà kúrò ní 1869. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Anna kú.

Ẹ̀rí ibùdó kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kí ti Abẹ́òkúta tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀. Síbẹ̀, ó jọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa pe iṣẹ́ Kúdẹtì ní ìdẹ ní iṣẹ́ ńlá níwájú.

Ibi tí ìbéèrè ohun tí iṣẹ́ àánú jẹ́ yóò ti le jù lọ ni àwọn ilé ìgbẹ̀bí ìjọ Aládùúrà. Lẹ́yìn ìsọjí Joseph Ayo Babalola ní Iléṣà ní 1930, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ oògùn. Ọ̀rọ̀ kuiníìnì wà lára ohun tó pín wọn níyà pẹ̀lú àwọn míṣọ́nárì aláwọ̀ funfun. Nínú àwọn ilé ìgbẹ̀bí wọ̀nyí, kò sí owó òkèèrè, kò sí gómìnà. Obìnrin tó ń gbẹ̀bí pẹ̀lú àdúrà àti omi ń gbé ládùúgbò kan náà pẹ̀lú aláboyún tó ń tọ́jú, nínú ìlú Ìbàdàn kan náà tí ilé ìwòsàn UCH ti wà láti 1957. Kí ni iṣẹ́ àánú túmọ̀ sí fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbẹ̀bí tó ti dàgbà, láti Agbowó dé Challenge, ni ìwádìí tó kàn yóò ti bẹ̀rẹ̀, àti nínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aláboyún sí, kí ikán tó jẹ ìwé náà tán.