Alágbára Má Mèrò: Agbára Ẹ̀rọ àti Eyín Ayùn nínú Ìtàn Pákó Lílà ní Èkó

Ìfáárà

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ èrè wà nínú títún ẹ̀rọ ayùn oníṣéènì ṣe kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ ju bí wọ́n ti ṣe é wá lọ? Lójú ẹni tí kò sún mọ́ iṣẹ́ gẹdú, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtàn ni pẹ̀lú. Láti ayé àwọn tí ń fi ọwọ́ la igi títí di ayé ẹ̀rọ, Èkó ti pààrọ̀ irinṣẹ́ ìlagi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a sì máa ń fẹ́ ka ìtàn náà bí ẹni pé agbára ni ó ń lé agbára lọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé kíkà bẹ́ẹ̀ kò pé. Eyín ayùn, fífẹ̀ ojú ibi tí ayùn gbà kọjá, àti ọwọ́ ẹni tí ń lò ó ni ó ń pinnu iye pákó tí igi kan yóò mú jáde. Agbára kàn ń pinnu bí ó ti yá tó ni.

A óò kọ́kọ́ wo ayùn ọwọ́, lẹ́yìn náà ilé ìlagi etí ọ̀sà, kí a tó wá kan ẹ̀rọ oníṣéènì fúnra rẹ̀ àti àwọn àtúnṣe tí a ń ṣe sí i.

Ayùn ọwọ́ àti ilé àwọn Àgùdà

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn ńlá lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n sì gba ìlú náà ní 1861, ilé kíkọ́ gbòòrò ní Erékùṣù Èkó. Àwọn Sàró tẹ̀dó sí Olówógbowó, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ní ìtòsí Ìsàlẹ̀ Èkó tí ààfin Ìgà Ìdúngànrán wà. Ilé alájà tí àwọn Àgùdà mú àṣà rẹ̀ wá kò ṣeé kọ́ láìsí pákó: àjà ni, àtẹ̀gùn ni, ilẹ̀kùn ni, fèrèsé ni, igi òrùlé ni. Ilé Ìlọ́jọ́ ní Tinúbu, tí a kọ́ ní 1855 tí wọ́n sì wó ní 2016, wà lára àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894 lábẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa àti Sanusi Aka, ṣì wà ní ìdúró títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà.

Ní ayé ayùn ọwọ́, ènìyàn méjì ni ó ń la ìtì igi. Wọ́n á gbé ìtì náà sórí kòtò tàbí sórí igi ìgbékà. Ọ̀kan á dúró lókè, òun ni yóò máa ṣọ́ ìlà tí wọ́n fi okùn eléèédú fà. Èkejì á wà nísàlẹ̀ nínú ìyẹ̀ igi tí ń dà lé e lórí. Agbára ènìyàn méjì bẹ́ẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún agbára ẹ̀rọ oníṣéènì ńlá kan. Síbẹ̀, pẹlẹbẹ ni ayùn wọn, ojú ọ̀nà tí ó ń jẹ nínú igi kò sì ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ. Nítorí pé agbára wọn kéré, wọn kò lè fi igi ṣòfò: gbogbo igi tí ayùn bá sọ di ìyẹ̀, òógùn ara wọn ni wọ́n fi san án. Ìdí nìyí tí pípọ́n eyín ayùn àti yíyà á sọ́tùn-ún sósì fi jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Ayùn tí kò mú, agbára ọkùnrin mẹ́wàá kò lè mú un rìn tààrà.

Etí ọ̀sà: ilé ìlagi Èbúté Mẹ́ta

Nígbà tí ìlú ń gbòòrò sí i, ọwọ́ kò tó mọ́. Omi ni ọ̀nà gẹdú nígbà náà: wọ́n á so ìtì igi pọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ó léfòó gba odò àti ọ̀sà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkálẹ̀ wá sí Èkó. Ní ọ̀rúndún ogún, Oko-Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta, tí ó dojú kọ Erékùṣù Èkó láti òdì kejì omi, di ojúkò ilé ìlagi. Ẹni tí ó bá gba orí Afárá Third Mainland, tí a parí ní 1990, kọjá yóò ti rí èéfín ìyẹ̀ igi tí wọ́n ń sun níbẹ̀, yóò sì ti rí ìtì igi lójú omi. Ìyẹ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń di etí ọ̀sà, tí ènìyàn sì kọ́lé sórí rẹ̀. Ètò Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó láti kó àwọn alápákó lọ sí Agbọ́wá jẹ́ ara ìtàn tí ó tẹ̀ lé e.

Nínú ilé ìlagi wọ̀nyí, ẹ̀rọ tí ó gbayì jù ni ayùn bẹ́ńdì, pàápàá irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní CD. Irin pẹlẹbẹ gígùn tí a so ní òbìrípo, tí ń yí lórí àgbá irin méjì, ni ayùn rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí ni pé agbára ń bẹ nínú ẹ̀rọ yìí gan-an, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ni ayùn rẹ̀, bí ayùn àwọn baba wa ti jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi agbára kún iṣẹ́ láìfi ìyẹ̀ kún un púpọ̀. Nítorí náà, a kò lè sọ pé agbára nìkan ni ó borí ayùn ọwọ́.

Ẹ̀rọ oníṣéènì: kí ni ó mú un tẹ̀ síwájú?

Ilẹ̀ Jámánì ni ẹ̀rọ oníṣéènì tí ń lo epo pẹtiróòlù ti gbilẹ̀. Emil Lerp gbé tirẹ̀ jáde ní 1927. Andreas Stihl gbé tirẹ̀ jáde ní 1929. Ẹ̀rọ Stihl ti 1929 wúwo tó kílógíráàmù 46, agbára rẹ̀ sì jẹ́ họ́sìpáwà 6. Ènìyàn méjì ni ó ń gbé e. Ní 1950 ni ilé iṣẹ́ kan náà ṣe èyí tí ẹnì kan lè dá lò. Ní 1959, wọ́n gbé Contra jáde: kílógíráàmù 12, họ́sìpáwà 6. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú òpìtàn wo òǹkà yìí. Fún ọgbọ̀n ọdún gbáko, agbára dúró sójú kan; ìwúwo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdámẹ́rin. Ìtẹ̀síwájú tí ó sọ ẹ̀rọ náà di ti gbogbo ayé kò ti inú àfikún agbára wá.

Ẹ̀rí kejì ti Amẹ́ríkà wá. Ní 1947, Joseph Buford Cox, agégi kan ní Oregon, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣéènì tuntun tí ó ṣe lẹ́yìn tí ó ti wo bí ìdin kòkòrò kan ti ń fi ẹnu rẹ̀ jẹ igi sọ́tùn-ún àti sósì. Cox kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Eyín ni ó yí padà, irú eyín náà ni ọ̀pọ̀ ṣéènì sì ń lò títí di òní.

Àtúnṣe fún àfikún agbára

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀rọ tí ó lókìkí jù lọ nínú igbó ni Stihl 070, tí agbára rẹ̀ tó kílówáàtì 4.8. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lágbára sí i ní ọ̀nà mélòó kan. Ó lè la ẹnu sàlẹ́ńsà kí èéfín lè tètè jáde. Ó lè fi fáìlì fẹ ihò tí epo àti èéfín ń gbà wọlé jáde. Ó lè yọ gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ kí ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ lè le sí i. Ó lè yí kabúrẹ́tọ̀. Ọ̀nà karùn-ún kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rárá: kí ó fi fáìlì rẹ irin kékeré tí ó wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí eyín lè máa bù jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àtúnṣe wọ̀nyí lè fi agbára kún un lóòótọ́. A kò jiyàn èyí. Ohun tí a ń bi ni ohun tí agbára náà ń rà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní a ti gbẹ́ ìtì arère kan ní onígun mẹ́rin, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 600, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2, tí a sì fẹ́ là á sí pákó oní-mìlímítà 25, èyí tí í ṣe íǹṣì kan. Bí ayùn tí ń jẹ mìlímítà 3 bá là á, pákó 21 ni yóò jáde. Ṣéènì ẹ̀rọ ńlá ń jẹ tó mìlímítà 9. Pákó 17 ni òun yóò mú jáde. Pákó 4 ti di ìyẹ̀, a kò sì tíì ka ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà.

Nísinsìnyí, kí a fi ìdámárùn-ún kún agbára ẹ̀rọ náà. Bí ìlà kan bá ń gba ìṣẹ́jú 10 tẹ́lẹ̀, tí gbogbo àfikún náà sì dé ojú eyín, yóò máa gba ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀. Lórí ìlà 16, èrè wa jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 27. Pákó náà ṣì jẹ́ 17. Bí eyín bá sì kú láàárín iṣẹ́, ìṣẹ́jú 27 náà yóò tètè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ta ni ó wá jèrè? Bí ó bá jẹ́ pé iye pákó tí alẹ́ bá lé bá ni a fi ń sanwó fún òṣìṣẹ́, ìyára jẹ́ èrè fún un, òfò ìyẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí ó ni igi. Ẹni tí ó ń ra pákó fún òrùlé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni yóò san owó pákó tí kò sí, nítorí iye owó igi, ti ọkọ̀ àti ti òṣìṣẹ́ ti wọnú pákó 17 tí ó kù. Igbó ni yóò sì san èyí tí ó kẹ́yìn, nítorí a óò ní láti gé igi púpọ̀ sí i kí pákó tó lè pé.

Ewu pẹ̀lú wà níbẹ̀. Epo tí a pò pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ni ó ń mú inú ẹ́ńjìnnì yìí yọ̀. Bí a bá yí kabúrẹ́tọ̀ kí epo lè dín kù, ọ́ìlì dín kù pẹ̀lú, ooru á pọ̀, písítìnnì á lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Eyín tí a rẹ irin iwájú rẹ̀ sílẹ̀ jù lè kọ́ igi lójijì, kí ẹ̀rọ sì fò padà sí ojú tàbí ọrùn ẹni tí ó dì í mú. Bí agbára bá ti pọ̀ tó ni ìfòpadà náà yóò ti le tó.

Àwọn àtakò méjì

Ẹnìkan lè sọ pé igi ńlá bí ìrókò tàbí apá kò ṣeé wó pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò lágbára. Òtítọ́ ni. Nígbà tí a bá ń wó igi, ojú ọ̀nà kan tàbí méjì ni ayùn ń gbà, ìyẹ̀ tí ó ń bọ́ kò sì tó nǹkan lára igi odindi. Níbẹ̀, agbára wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ńlá láti ilé iṣẹ́ sàn fún iṣẹ́ yìí ju kékeré tí a fi túláàsì sọ di ńlá.

Àtakò kejì ni pé kò sí ọ̀nà fún ọkọ̀ láti gbé ìtì dé ilé ìlagi láti inú igbó jíjìn, nítorí náà inú igbó ni a ti gbọ́dọ̀ là á. Gánà mọ ìṣòro yìí. Òfin wọn ti 1998 ka fífi ẹ̀rọ oníṣéènì la pákó fún títà léèwọ̀, síbẹ̀ pákó bẹ́ẹ̀ kò kúrò lọ́jà, nítorí pé àwọn ènìyàn nílò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé òfin nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n àtakò náà ń gbè lílo ẹ̀rọ oníṣéènì lẹ́yìn ni. Kò gbe fífi agbára kún un lẹ́yìn. Ẹni tí ó gbọ́dọ̀ la igi nínú igbó yóò jèrè púpọ̀ sí i bí ó bá lo ṣéènì tí ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a pọ́n dáadáa, pẹ̀lú irin atọ́nà tí yóò mú un rìn tààrà lórí ìlà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, fún iṣẹ́ pákó lílà, àtúnṣe ẹ̀rọ fún àfikún agbára kò mú èrè tí ó tó òfò àti ewu rẹ̀ wá. Fún wíwó igi ńlá, agbára ní àyè tirẹ̀. Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ìtàn pákó Èkó, láti kòtò ìlagi dé ayùn bẹ́ńdì, gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Fún àwa tí a ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́, ó tọ́ kí a má ṣe fi ariwo ẹ́ńjìnnì díwọ̀n ìtẹ̀síwájú mọ́. Kí a ka iye pákó tí ó dé ọwọ́ olùrà láti inú ìtì kan, kí a sì béèrè ẹni tí ó san owó ìyẹ̀ tí ó kù nílẹ̀.