Nígbà tí Onílé Di Àlejò

Àwọn àgbà ní àlejò kì í pìtàn ìlú fún onílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ síbi ìgbéyàwó kan n'Ìbàdàn, inú ilé àlejò kékeré tí èmi àti màmá àgbà sùn sí ní Jẹ́ríkò ni mo ti bá ìtàn pàdé.

Yàrá mẹ́fà péré ni ilé náà ní. Ó jìnnà sí ariwo Mápó àti Ọjà'ba, igi ńláńlá sì yí i ká. Mo bi màmá àgbà pé kí ló dé tí apá ibí yìí fi dákẹ́ tó báyìí. Wọ́n ní, "Òyìnbó ló tẹ̀ ẹ́ dó fún ara wọn. Alágbàfọ̀ ni bàbá mi ní irú ilé báyìí. Wọ́n ń lọ aṣọ ibùsùn, wọn ò sùn lórí rẹ̀ rí."

Nígbà tí a padà sílé, mo wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1917, nígbà Lugard, ìjọba amúnisìn ṣe òfin tó ya àdúgbò òyìnbó sọ́tọ̀. Ní àwọn ìlú tí òfin náà kàn, ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó yáàdì 440 ni yóò wà láàárín òyìnbó àti ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀fọn má baà gbé ibà láti ara wa lọ bá wọn ni. Ṣùgbọ́n kúkù àti alágbàfọ̀ wọn, ta ni wọ́n? Ṣé ẹ̀fọn ò mọ̀ wọ́n ni?

Ní 1947, ilé ìtura Bristol l'Ékòó kọ̀ láti gba Ivor Cummings sílé nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti Lọ́ńdọ̀nù ni. Ará ìlú fárígá. Gómìnà Arthur Richards sì pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Lónìí, kò sẹ́ni tó wo àwọ̀ wa kó tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Owó nìkan ni wọ́n gbà. Síbẹ̀, mo ronú nípa ọmọbìnrin tó tẹ́ ibùsùn wa: ṣé òun náà lè san owó yàrá yẹn? Bí òfin bá kúrò tí owó sì rọ́pò rẹ̀, odi náà kò tíì wó tán.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá àgbà rò pé mo ti sùn. Wọ́n fọwọ́ pa aṣọ ibùsùn náà títí, kí wọ́n tó dùbúlẹ̀.