Dátà Wo Ni Òfin Ń Dáàbò Bò?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo ohun tí ìjọba àti ilé iṣẹ́ bá kọ sílẹ̀ nípa aráàlú. Bí olóòtú rédíò bá pè é ní "òfin ààbò dátà," ìyá tó ń gbọ́ ọ nídìí ọjà lè rò pé ìjọba ti dá sí ọ̀rọ̀ dátà tó ń tètè tán lórí fóònù òun. Kò jẹ̀bi. Dátà tí Yorùbá mọ̀ lónìí ni èyí tí èèyàn ń rà, tó ń tán, tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìperí tí Yorùbá ti ní fún ẹ̀rọ ìgbàlódé dùn létí. Ayárabíàṣá ń sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe yá tó. Ayélujára ń sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lu ayé já. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíò ti ń gba èsì látìgbà tí olùgbọ́ ti ń pè é lórí fóònù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń sọ. Ohun tí ẹ̀rọ ń fojú ọmọ èèyàn rí kò sí nínú wọn.

Ẹ wo lóònù orí fóònù. Kí owó tó wọlé, áàpù míì á ti gba nọ́ńbà àna, ọ̀gá àti pásítọ̀ ẹni tó ń yá a. Bí gbèsè bá pẹ́, gbogbo wọn á gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni onígbèsè náà. Ní 2022, FCCPC, àjọ tó ń jà fún oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún irú ayánilówó bẹ́ẹ̀. Yorùbá ti ní orúkọ fún ìwà náà: dógò. Láyé àtijọ́, ológò á jókòó ti ilé onígbèsè, á pa adìyẹ ilé jẹ, á máa yọ ará ilé lẹ́nu títí wọn á fi san án. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Bí wọ́n bá sọ fún àgbà pé wọ́n dógò ti ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, kò ní béèrè ìtumọ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé ológò ayé àtijọ́ ní ojú tí wọ́n lè bẹ̀.

Gbájú-ẹ̀ náà kò nílò ìgbìmọ̀ kankan tó máa wá orúkọ tuntun fún un. Ó kàn ṣí lọ sórí ayélujára ni.

Ibi tó le ni dátà inú òfin. Àṣírí kò bá a mu, torí ọjọ́ ìbí kì í ṣe àṣírí. "Àkọsílẹ̀ nípa ẹni" sàn jù: ó gba ìtẹ̀ka, àwòrán ojú àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN tó ní díjíìtì 11. Bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí áàpù tó ṣí ńkọ́? "Mo gbà" dà bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. "Mo yọ̀ǹda" ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ń fúnni ní nǹkan.