Kámíọ̀ tí kò lè fa ẹrù mọ́: ṣé ká tún un ṣe, àbí ká pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì?

Bí kámíọ̀ tó ń kó iṣu láti Sanson lọ sí Cotonou kò bá lè gun òkè mọ́, ọ̀pọ̀ á ní ká fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi sí i. Ẹ ní sùúrù. Ṣé kì í ṣe èyí náà ló ń gbé e tẹ́lẹ̀ ni?

Ẹ wo èéfín rẹ̀ ná. Tó bá dúdú, atẹ́gùn kò tó gásóyìlì: eruku ọ̀nà ti dí asẹ́ atẹ́gùn, tàbí injecteur ń da gásóyìlì jù. Owó asẹ́ kò tó nǹkan. Tó bá kàn ń kọ́sẹ̀, omi lè wà nínú asẹ́ gásóyìlì.

Èéfín búlúù ló ń dẹ́rù bani: ó ń jó òróró ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wọn compression, kí ẹ sì fi owó àtúnṣe wé ti ẹ́ńjìnnì àlòkù irú kan náà. Èyí tó bá lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, embrayage àti bíréèkì á tún gba owó tiwọn.