Yínká Ayéfẹ́lẹ́

Yínká Ayéfẹ́lẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Ọláyínká Joel Ayéfẹ́lẹ́, jẹ́ olórin ẹ̀mí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, àti ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ sílẹ̀. Ìpótì-Èkìtì ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1968, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló fi ṣe ibùjókòó. Orin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tùǹgbá ti di ara àríyá, láti Èkìtì títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orísun tùǹgbá, Èkó ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní Erékùṣù Èkó, ní àdúgbò Olówógbowó, ni Túndé King ti gbé orin jùjú, tí tùǹgbá ti yọ, kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930. Àyìndé Bákàrè fi gìtá oníná sí i ní 1949, jùjú sì di orin olóde pátápátá. Ní Èkó kan náà, ní 1891, àwọn Kristẹni kan ti ya kúrò lọ́dọ̀ òyìnbó láti dá United Native African Church sílẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ sin Ọlọ́run bí ọmọ Áfíríkà. Orin ìsìn àti orin àríyá wá ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Nígbà tí Ebenezer Obey, àgbà olórin jùjú, yíjú sí iṣẹ́ ajíhìnrere ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rí nínú rẹ̀ ni pé ó fi òde sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ayéfẹ́lẹ́ kò fi èyíkéyìí sílẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe pàtàkì.

Àmọ́ kò jókòó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe n'Ìbàdàn, tó sì ń kọ orin ìpolówó ọjà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni jàǹbá ọkọ̀ ṣe é lọ́ṣẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì gbé e mọ́. Ó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Orin ló fi ń pa ìrora rẹ́ níbẹ̀. Kọ́lá Olóòtú, tí òun náà jẹ́ oníṣẹ́ rédíò, ló gbà á níyànjú pé kó ṣe àwo orin, kí owó rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ fún iṣẹ́ abẹ. Àwo náà, *Bitter Experience*, jáde ní 1998, ó sì tà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. *Sweet Experience* tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà *Something Else*, *Divine Intervention*, *Absolute Praise*, *Prayer Point* àti ọ̀pọ̀ mìíràn.

Lóde, orí àga onítáyà ló máa ń jókòó sí níwájú ẹgbẹ́ Merry Makers rẹ̀, tòun ti gbohùngbohùn lọ́wọ́. Yóò fa orin ìyìn kan tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, àwọn elégbè á gbà á, gángan á sì bọ́ sí i. Kó tó pẹ́, orin ìyìn Ọlọ́run ti kan orúkọ olóde: ọmọ ta ni, ìlú wo ló ti wá, oore wo ni Ọlọ́run ṣe fún un. Àwọn tó wọṣọ ẹbí á ti máa jó bọ̀ wá nawó. Àwọn ajó-bí-iná á jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹni tó ń mú wọn jó kò ní dìde. Àwọn kan nínú ìjọ ti bá irú orin yìí wí, pé kíki olówó nínú orin ẹ̀mí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Síbẹ̀, Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń dúpẹ́ láìdárúkọ ẹni tí à ń bá dúpẹ́, ìdúpẹ́ sì ni tùǹgbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Owó orin ló fi kọ́ Music House sí Challenge n'Ìbàdàn, níbi tí ilé-iṣẹ́ rédíò rẹ̀, Fresh FM 105.9, ti ń fọhùn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 2018, katapílà ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wó apá kan ilé náà. Ìjọba ní ó yàtọ̀ sí àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí. Ariwo ta jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tí kò ra àwo rẹ̀ rí pàápàá gbèjà rẹ̀. Gómìnà ìgbà náà, Abíọ́lá Ajímọ̀bí, àti Ayéfẹ́lẹ́ padà jọ jókòó sọ̀rọ̀, ìjọba sì tún ibi tí wọ́n wó kọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ti fi oyè MON (Member of the Order of the Niger) dá a lọ́lá. Ní 2019, ìyàwó rẹ̀ bí ìbẹta ní Amẹ́ríkà. Fresh FM ti kúrò ní ti Ìbàdàn nìkan báyìí. Ó ní ẹ̀ka ní àwọn ìlú mìíràn, Adó-Èkìtì, olú-ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀, sì wà lára wọn.